Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ omi wà ní ìkáwọ́ wọn: ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó ra asẹ́ nano

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà tí ọ̀rọ̀ omi wà ní ìkáwọ́ yín ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ̀ ń buwọ́ lu ìwé kọ́ńtíráàtì omi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ lemọ́lemọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí nínú ìwé àbá tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń kó wá sí ọ́fíìsì ìjọba: "asẹ́ nano", ìyẹn asẹ́ omi tí wọ́n fi fọ́nrán tó tín-ín-rín gan-an ṣe. Wọ́n á ní ó ń yọ òjé, ó ń yọ mẹ́kúrì, ó ń yọ ásẹ́níkì, ó ń pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí, kò lo iná, kò béèrè àtúnṣe. Ìwé náà á máa dán, àwòrán ọmọdé tó mú ife omi dání á wà lójú ìwé àkọ́kọ́, iye owó á wà lójú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ohun tí kì í sí níbẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò omi àdúgbò tí wọ́n fẹ́ gbé asẹ́ náà lọ. Babaláwo a máa dá Ifá ná kó tó yan ẹbọ. Àwọn wọ̀nyí ti yan ẹbọ tán kí wọ́n tó dá Ifá.

A kò bá asẹ́ nano jà. Iṣẹ́ gidi ni, a sì mọ ibi tó ti wúlò. Ohun tó ń dùn wá ni àṣà tó ti wà nílẹ̀ kó tó dé: wọ́n á gbẹ́ bọ́ọ̀hólù, wọ́n á gbé táǹkì sórí òpó, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, kò ní sẹ́ni tó máa padà wá wo ohun tó wà nínú omi náà. Bí asẹ́ nano bá gba ọ̀nà yẹn wọlé, owó ìlú á ṣòfò, ará ìlú á sì máa mu òjé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síta, kí àwọn tó máa mu omi náà lè máa bá wa béèrè.

1. Ọ̀nà tó ń gbà mú kòkòrò yàtọ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà mú òjé

Gbogbo wa la mọ aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì. Èérí á dúró sókè, omi ògì á ṣàn kọjá, nítorí pé ihò aṣọ náà kéré ju èérí lọ. Bí asẹ́ nano ṣe ń mú kòkòrò nìyẹn gan-an. Wọ́n á yọ́ ike sínú kẹ́míkà, wọ́n á fi iná mànàmáná tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá sí ọgbọ̀n fólítì (volt) fà á láti ẹnu abẹ́rẹ́, títí yóò fi di fọ́nrán tó tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi 70,000 nanomita (mílíọ̀nù kan nanomita ló wà nínú mìlímítà kan); fọ́nrán yìí sábà máa ń wà láàárín 100 sí 500. Wọ́n á gorí ara wọn bí ewé gbígbẹ ṣe ń gorí ara wọn nínú igbó, àlàfo tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn ni omi ń gbà. E. coli, kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wọ kànga, fẹ̀ tó nǹkan bíi 500 nanomita, ó sì gùn tó 2,000. Bí ihò asẹ́ kò bá ju 200 lọ, kò lè kọjá. Kòkòrò onígbáméjì náà kò lè kọjá. Àlàfo yìí lè tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ara asẹ́, nítorí náà omi á fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣàn kọjá: kò nílò pọ́ǹpù alágbára bíi ti ẹ̀rọ RO (èyí tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ asẹ́), kì í sì í da omi nù bíi tirẹ̀. Ibí yìí ni ìyìn ti tọ́ sí i.

Òjé tó ti yọ́ sínú omi kò tó nanomita kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ihò 200 dá a dúró ń fi àwọ̀n apẹja lé ẹ̀fọn ni. Ohun tó ń mú irin olóró nínú asẹ́ yìí ni ìdẹ: wọ́n á so èròjà kan mọ́ ara fọ́nrán, irin á lẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe ń kọjá lọ. Ìdẹ kan kì í sì í mú gbogbo ẹja. Fọ́nrán PAN, ìyẹn irú ike kan, tí wọ́n bá fi kẹ́míkà hydroxylamine sè títí tí ìdẹ tó ń jẹ́ amidoxime fi wà lára rẹ̀, máa ń mú òjé àti bàbà dáadáa. Mẹ́kúrì fẹ́ ìdẹ tó ní imí-ọjọ́ nínú. Ásẹ́níkì kì í rìn nínú omi bí òjé ṣe ń rìn, ohun tó ń fà á mọ́ra ni irin tó ti dógùn-ún. Nítorí náà, bí agbaṣẹ́ṣe bá ní asẹ́ òun ń mú gbogbo wọn, ẹ bi í pé ìdẹ wo ló fi sí i. Bí kò bá lè dárúkọ ìdẹ náà, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

2. Ìdẹ ń kún, ojú kò sì ní rí i

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní omi kànga kan ní òjé 0.05 mílígírámù nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Òdiwọ̀n Nàìjíríà fún omi mímu, NIS 554, kò gbà ju 0.01 lọ. Asẹ́ gbọ́dọ̀ yọ 0.04 kúrò nínú lítà kan. Ká ní asẹ́ náà fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó, tí fọ́nrán tó wà lára rẹ̀ wọn gírámù 5. Iye yẹn kò kéré, nítorí pé fọ́nrán náà fẹ́lẹ́ púpọ̀. Ká tún ní gírámù kan lè gba mílígírámù 5 nínú omi gidi. Gbogbo òjé tí asẹ́ lè gbà kò ju mílígírámù 25 lọ. Ẹ pín in sí 0.04, ẹ ó rí lítà 625. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń lo lítà 20 lójúmọ́ fún mímu àti oúnjẹ sísè á lò ó tán láàárín oṣù kan.

Ọjọ́ kejì ńkọ́? Omi á ṣì máa ṣàn geerege. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí, kò ní rùn, kò sì ní korò. Ìyá tó ń bu omi fún ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé asẹ́ ti yó. Ó tún lè burú jù bẹ́ẹ̀: bí ekikan inú omi bá ga sí i, asẹ́ tó ti yó lè bi òjé tó ti kó mì láti ọjọ́ yìí padà sínú omi, tí omi tó jáde á wá lóró ju èyí tó wọlé lọ.

Nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé asẹ́ máa lo ọdún márùn-ún, ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé e ni: lítà mélòó, nínú omi tó ní òjé mélòó? Asẹ́ tó ń lo ìdẹ kò ní ọjọ́ orí. Iye lítà ló ní.

3. Èsì láàbù kì í ṣe èsì kànga

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sínú ìwé ìpolówó, pé gírámù kan fọ́nrán gba mílígírámù 100 tàbí 200 òjé, kì í ṣe irọ́. Ibi tó ti wá ni kí ẹ wò. Wọ́n bu omi tí kò ní nǹkan kan nínú rárá, wọ́n da òjé nìkan sí i títí ó fi tó mílígírámù 100 nínú lítà kan, ìyẹn ìlọ́po 10,000 ohun tí NIS 554 gbà láyè, wọ́n wá ri fọ́nrán bọ̀ ọ́ fún wákàtí mélòó kan. Bí oúnjẹ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni, ta ni kò ní yó?

Nínú kànga, òjé kéré, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, gbogbo wọn ló sì ń du ìdẹ kan náà. Omi ewé jíjẹrà tún wà níbẹ̀, òun a máa di òjé mọ́ra, a sì gbé e kọjá lára ìdẹ láìjẹ́ kó fara kàn án. Ìdí nìyẹn tí a fi lo 5 nínú ìṣirò òkè yìí, tí a kò lo 100. Àyẹ̀wò tó yẹ kí ẹ gbà ni èyí tí wọ́n fi omi àdúgbò náà gan-an ṣe, tí wọ́n ń tú u gba inú asẹ́ láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n sì ń wọn òjé inú omi tó jáde ní gbogbo lítà 50, títí yóò fi kọjá 0.01. Lítà tó kọjá ààlà yẹn ni òpin ayé asẹ́ náà. Ẹ dín ìdá mẹ́ta kan kúrò níbẹ̀ fún ìṣọ́ra, kí ẹ sì kọ èyí tó kù sínú kọ́ńtíráàtì.

Àwọn kan ti ṣe é lọ́nà tó yẹ nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Askwar Hilonga, onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Arusha ní Tanzania, gba Africa Prize for Engineering Innovation ti Royal Academy of Engineering ní Ìlú Ọba ní 2015 fún asẹ́ rẹ̀. Iyanrìn ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó wá fi èròjà nano kún un. Kì í ṣe fọ́nrán. Ohun tó yẹ ká kọ́ lára rẹ̀ ni pé ohun tó ń da omi àdúgbò kan láàmú ló máa ń pinnu èròjà tó máa wọ inú asẹ́ àdúgbò náà. Ní Yunifásítì Stellenbosch ní South Africa, Eugene Cloete àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpò kékeré kan jáde ní 2010, bí àpò tíì ló rí: fọ́nrán nano tó ní oògùn apakòkòrò lára ni wọ́n fi bo àpò náà, wọ́n sì rọ èédú tó ń fa ìdọ̀tí mọ́ra sínú rẹ̀. Ẹnu ìgò ni wọ́n ń fi sí, bí wọ́n bá lò ó tán wọ́n á jù ú nù. Wọn kò ṣèlérí ọdún márùn-ún fún ẹnikẹ́ni.

4. Omi tiwa ní ìwà tirẹ̀

Kànga púpọ̀ nílẹ̀ wa ló ní ekikan díẹ̀ nínú, pH rẹ̀ (òdiwọ̀n ekikan; bó bá ṣe kéré tó ni ekikan ṣe pọ̀ tó) kì í tó 6.5 tí NIS 554 là kalẹ̀. Àwọn kan ń fi chitosan ṣe fọ́nrán, èyí tí wọ́n ń yọ láti ara èèpo edé àti akàn. Èrò tó dára ni, èèpo edé kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Àmọ́ chitosan a máa yọ́ nínú ekikan. Bí ẹni tó ṣe é kò bá fi kẹ́míkà dè é mọ́ra dáadáa, omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 5.5 á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ará ilé á sì máa mu asẹ́ wọn mọ́ omi. Polyvinyl alcohol tún wá burú: bí wọn kò bá dè é mọ́ra, omi lásán ń yọ́ ọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, kò sì nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ gé ègé kan lára asẹ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ rì í sínú omi kànga náà fún ọjọ́ méje, ẹ tún sá a gbẹ kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti dín, ẹ mọ ikùn tó wọ̀ lọ.

Irin náà wà níbẹ̀. Omi bọ́ọ̀hólù tó bá ní irin nínú á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde, bó bá pẹ́ díẹ̀ nínú garawa á pọ́n, nítorí pé irin tó yọ́ sínú rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ pàdé. Bó bá jẹ́ lójú asẹ́ nano ló ti dógùn-ún, ihò á dí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi á máa kán tó-tó-tó. A sì mọ ohun tí ará ilé máa ṣe: wọ́n á mú kànrìnkàn, wọ́n á gbo asẹ́ náà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Fọ́nrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀ á ṣí kúrò lára aṣọ tó gbé e ró, omi á tún máa ya, inú gbogbo ilé á dùn pé asẹ́ ti jí. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí asẹ́ mọ́, àwo ike lásán ló kù nínú ilé.

Nítorí náà, kí omi tó dé ọ̀dọ̀ asẹ́ nano, ó gbọ́dọ̀ ti já bọ́ láti orí àtẹ oníhò méjì tàbí mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ, kó jókòó kí ìpẹtà lè wà nísàlẹ̀, kó sì gba inú iyanrìn. Iyanrìn kò wọ́n. Bí ìwé àbá kan kò bá mẹ́nu kan ohun tó máa ṣáájú asẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò tíì bá omi ilẹ̀ yìí pàdé rí.

5. Ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún kò tó

Pé asẹ́ ń mú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n bí ife omi kékeré kan, mílílítà 100, bá ní E. coli 10,000 nínú, asẹ́ tó yọ ìdá 99 ti fi 100 sílẹ̀ síbẹ̀. NIS 554 kò gba ẹyọ kan láyè nínú mílílítà 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní ètò kan láti 2014 tí wọ́n fi ń dán asẹ́ ilé wò, ìràwọ̀ ni wọ́n ń fi fún un. Asẹ́ tó bá fẹ́ ìràwọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ dín bakitéríà kù débi pé ẹyọ kan ni yóò kọjá nínú 10,000. Ti fáírọ́ọ̀sì, ẹyọ kan nínú 100,000. Ibí yìí ni asẹ́ oníhò 200 ti máa ń fìdí rẹmi, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kò ju nǹkan bíi 80 nanomita lọ. Á kọjá láìkan ilẹ̀kùn.

Kòkòrò tí asẹ́ mú kò sì tíì kú. Ó jókòó sójú asẹ́, ó ń bí sí i, a sì máa hun ara rẹ̀ di ọ̀yọ̀yọ́ tí ọwọ́ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fàdákà sára fọ́nrán. Fàdákà ń pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jò jáde, bó bá sì jò tán, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi iye fàdákà tó wà nínú omi tó jáde hàn yín, ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ní oṣù kẹta. Kó má ju 0.1 mílígírámù nínú lítà kan lọ, kó má sì tíì di òfo.

Omi tó mọ́ tún lè bàjẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Klórínì díẹ̀, nǹkan bíi 0.2 mílígírámù nínú lítà, ló ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ̀yìn asẹ́ ni kí klórínì wà, kì í ṣe iwájú rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi náílọ́nù ṣe fọ́nrán, nítorí klórínì a máa jẹ náílọ́nù.

6. Ẹ ṣọ́ra fún "ND"

A ti rí èsì àyẹ̀wò púpọ̀ tí wọ́n kọ "ND" síwájú òjé, tí gbogbo ènìyàn sì mí kanlẹ̀. "ND" kò túmọ̀ sí pé òjé kò sí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ojú ẹ̀rọ kò rí i. AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn irin inú omi, bó bá jẹ́ èyí tó ń lo ọwọ́ iná lásán, kì í rí òjé tó kéré tó 0.01 dáadáa. Bí ojú ẹ̀rọ kan bá mọ sí 0.05, òjé lè wà ní 0.04, ìlọ́po mẹ́rin òdiwọ̀n, kí wọ́n sì kọ "ND" pẹ̀lú ọkàn mímọ́. AAS tó ń lo ààrò graphite, tàbí ICP-MS, ẹ̀rọ mìíràn tó ń rí irin tó kéré gan-an, ni kí ẹ béèrè, kí wọ́n sì kọ ibi tí ojú ẹ̀rọ mọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà. Èsì tí kò bá ní i, ẹ dá a padà.

Bí wọ́n ṣe bu omi náà ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ. Omi tí wọ́n máa fi wá òjé, inú ìgò ike mímọ́ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kán ásíìdì nitric sí i títí pH rẹ̀ á fi wà lábẹ́ 2, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjé á lẹ̀ mọ́ ara ìgò, èsì á sì dára ju òótọ́ lọ. Omi tí wọ́n máa fi wá kòkòrò, ìgò tí wọ́n ti sè ni, ó ní thiosulphate, èròjà tó ń pa agbára klórínì, nínú bí omi bá ní klórínì, inú kúlà oníyìnyín ló ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ kó tó dé láàbù. Ìgò kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Òṣìṣẹ́ tó bá gbé ìgò ẹyọ kan lọ, tó padà pẹ̀lú èsì méjèèjì, ẹ bi í bó ṣe rí i ṣe.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí ẹ lè ṣe lójú ara yín níwájú agbaṣẹ́ṣe. Ẹ mú kí asẹ́ rin gbingbin, ẹ fi pọ́ǹpù àti gééjì ti afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ẹ bu omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ wo ìgbà tí ìfófó afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ máa yọ. Ihò tó kéré ló ń di omi mú pinpin. Asẹ́ oníhò 200 gbọ́dọ̀ dúró títí gééjì á fi sún mọ́ bar 3 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Bí ìfófó bá ń hó níbi 0.2, ihò tó tó 3,000 nanomita wà lára rẹ̀, E. coli á gba ibẹ̀ láìtẹ̀ba. Ó sábà máa ń jẹ́ etí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ asẹ́ mọ́ ike.

7. Ibi tí kò yẹ kí asẹ́ nano dé rárá

Odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí wíwa góòlù ti gbilẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi náà ti pọ́n, títí dé Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn olùjọsìn má ṣe mu omi odò náà. Omi kan náà ló ń ṣàn wọ adágún Aṣejire tí Ìbàdàn ń mu. Ẹni tó bá gbé asẹ́ nano wá fún irú omi bẹ́ẹ̀, kò ní pé ọjọ́ kan tí yóò fi dí.

Púpọ̀ nínú irin olóró inú odò rírú, orí ẹrẹ̀ ló gùn. Bí ẹrẹ̀ bá jókòó, òun náà á bá a jókòó. Álọ́ọ̀mù tó pé ìwọ̀n, adágún tí ẹrẹ̀ ti ń jókòó, tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀ déédéé, àti iyanrìn tí wọ́n ń fọ̀ nígbà tó yẹ á ṣe iṣẹ́ tí asẹ́ nano kò lè ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n sì máa dán ìwọ̀n álọ́ọ̀mù wò lójoojúmọ́ nígbà òjò: ife mẹ́fà onílítà kan, ìwọ̀n mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rò ó pẹ̀lẹ́ fún ogún, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọgbọ̀n, ife tó bá mọ́ jù ló ní èsì. Òpin ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun sì wà níbi tí wọ́n ti ń wa ilẹ̀, kò sí nídìí ẹ̀rọ omi.

Ibi tó yẹ asẹ́ nano kéré, ó sì hàn kedere: lítà díẹ̀ tí ènìyàn máa mu, ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn alábọ́dé àti ilé, níbi tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé òjé wà nínú kànga tí kò rú. Àdúgbò bíi Ògijo, tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù pọ̀ sí, ni ká ti kọ́kọ́ yẹ omi wò. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi asẹ́ bojú yín: ní Zamfara ní 2010, ọmọ tó lé ní 400 ló kú nítorí òjé, eruku àti ilẹ̀ agboolé ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó gbà wọ inú wọn. Asẹ́ kì í gbá ilẹ̀.

8. Ti ṣíṣe é nílẹ̀ wa

Inú wa dùn sí àwọn yunifásítì wa tó ń fa fọ́nrán yìí. Kí ẹ má sì bá wọn ṣèlérí tó ju agbára wọn lọ. Abẹ́rẹ́ kan tó ń tu mílílítà kan jáde ní wákàtí kan, tí ike inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kò lè fún yín ju gírámù 0.1 lọ ní wákàtí náà. Asẹ́ gírámù 5 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan á gba wákàtí 50. Bí iná bá lọ lójijì láàárín rẹ̀, ike tútù á kán sórí fọ́nrán, á sì lu ú. Ọ̀rinrin ojú ọjọ́ Èkó á mú kí fọ́nrán máa dì kókó kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú àpótí náà. DMF, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ́ PAN, a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, láàbù tí kò bá ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ará Czech ní Liberec ti ní ẹ̀rọ tí kò lo abẹ́rẹ́, ẹyọ kan péré á ṣe ju ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ lọ. Dípò kí ẹ ra ẹgbẹ̀rún asẹ́ láti òkè òkun lọ́dún yìí, ẹ da owó pọ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ ra ICP-MS kan pẹ̀lú owó gáàsì argon àti owó oṣù ẹni tó máa lò ó fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀rọ láìsí gáàsì, àpótí ni.

9. Ohun tí a ń béèrè

Láti òní lọ, kí ìwé kọ́ńtíráàtì asẹ́ kankan má ṣe gba ìbuwọ́lù láìsí èsì omi ibẹ̀, ti ìgbà òjò àti ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹ san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, kí ìdá 30 tó kù máa jáde díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún kan, bí àyẹ̀wò oṣù kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Láàbù tó máa ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe. Owó asẹ́ àrọ́pò ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná kí àkọ́kọ́ tó dé.

Asẹ́ tó ti yó, òjé ló kún inú rẹ̀. Kí agbaṣẹ́ṣe kà á ní iye tó kó wá, kó sì kó o padà ní iye kan náà. Kò gbọ́dọ̀ dé àkìtàn, kò sì gbọ́dọ̀ rí iná: PAN tó bá ń jó máa ń tú èéfín sáyánáídì jáde. Bí wọ́n bá ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́ láti tún un lò, kí wọ́n fi ibi tí ásíìdì àfọ̀kù náà ń lọ hàn yín, nítorí gbogbo òjé tó kúrò nínú omi ló ti kó sínú rẹ̀.

Ní ìparí, kí mítà omi kékeré kan wà lẹ́nu gbogbo asẹ́ tí owó ìlú bá rà, kí pátákó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí wọ́n kọ nǹkan mẹ́rin sí: lítà tí asẹ́ yìí lè sẹ́, lítà tó ti sẹ́, ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn àti iye òjé tí wọ́n bá nínú omi náà. Bí mítà bá ti kọjá nọ́ńbà àkọ́kọ́, kí ará àdúgbò ti ẹ̀rọ náà pa fúnra wọn, kí wọ́n sì pè yín.

A ń retí èsì yín ní gbangba, bí a ṣe kọ tiwa.

Àwa ni,
Àwọn òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò omi àti onímọ̀ kẹ́míkà kan nílẹ̀ Yorùbá